Omi Tí Alága Ní Kó Dọ̀bálẹ̀

Ní Ìwó, ìkíni kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ọmọkùnrin tó bá kọjá níwájú àgbà tí kò dọ̀bálẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ ni yóò ṣáájú rẹ̀ délé. Àṣà tó dára ni, n kò sì ní í bú u. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìlú náà ti wà, kò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn rí pé ó yẹ kí omi náà máa dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn. Alága Peter Fọládé nìkan ló wá sí lọ́kàn. Ó rò ó, ó pa á láṣẹ, wọ́n sì ṣe é. Ẹ jókòó, kí n sọ ibi tó já sí.

Ilé òtútù kan wà lẹ́yìn ọjà. Wọ́n kọ́ ọ fún àwọn obìnrin tí ń ta tòmátì, kí ọjà wọn má baà máa jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí tòmátì bá pọ̀. Àwọn olùrànlọ́wọ́ kan ló fún wọn ní ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ìlú yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bí Peter Fọládé ṣe di alága nìyẹn. Iṣẹ́ alága kò ju pé kó máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kó sì máa rí i pé wọ́n gbálẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, ohun kan ṣoṣo tó ti ṣe olórí rẹ̀ rí ni àwọn tí ń to àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbẹ̀ náà sì ni ó ti kọ́kọ́ ya àga kan sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀.

Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kékeré lè ṣí ilẹ̀kùn ńlá nínú orí ènìyàn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, Peter Fọládé ti ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní Ọ̀gbẹ́ni mọ́. Baba Òtútù ni kí wọ́n máa pe òun. Ó gba akọ̀wé kan, Lateef, tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìwé kíkọ. Iwájú ni Lateef máa ń rìn, táá máa ké pé, "Ẹ yà lọ́nà o, Baba Òtútù ń bọ̀, ẹni tí ọyẹ́ ń sá fún." Bí Alága bá sín, Lateef á ní, "Ìtura ni fún gbogbo wa." Bí Alága bá yán, á ní, "Ìmọ̀ ló ń fẹ́ ibi tó máa gbà jáde." Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rẹ́rìn-ín Lateef jù. Ó ní ọmọ nílé, bí ó sì ti ń ké tó ni wọ́n ń yó tó.

Ẹnjiníà Olúwagbénga ni wọ́n gbà láti to páìpù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ni, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú férémù lára ògiri, a sì máa nù ún láràárọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò dà bí fíríìjì tí a mọ̀. Ooru ni oúnjẹ rẹ̀, òtútù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè dà bí àlọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti làágùn rí tí atẹ́gùn fẹ́ sí i lára mọ̀ pé bí òógùn bá ṣe ń gbẹ ni ara ń tutù. Ẹ̀rọ náà ní omi kan nínú tirẹ̀ tí ń gbẹ báyẹn, tó sì ń fi gbígbẹ rẹ̀ fa gbígbóná kúrò nínú yàrá. Ooru ló ń mú omi yẹn ṣiṣẹ́, láti orí òrùlé sì ni ooru ti ń wá. Àwọn pátákó dúdú tí ń mu oòrùn wà lókè níbẹ̀. Oòrùn á mú omi inú wọn gbóná, pọ́ǹpù kékeré kan á ti omi gbígbóná yìí gba inú páìpù dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀, omi á sì padà sókè lọ gbé òmíràn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan tí gbogbo ètò náà ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá omi dúró lọ́nà.

Nígbà tí ẹnjiníà gbé àwòrán rẹ̀ wá, Alága wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ẹnjiníà, ọ́fíìsì mi dà nínú èyí?"

"Kò sí níbẹ̀, sà. Àwòrán páìpù ni."

"Kò sí níbẹ̀." Alága tún un wí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìyè. "Lateef, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Baba Òtútù. Ó wọ̀ mí dé eegun."

"Omi tí ń ti òrùlé bọ̀ yìí, ibo ló máa gbà kọjá?"

"Iwájú ọ́fíìsì yín náà ni, sà," ni ẹnjiníà wí. "Ara ògiri níbẹ̀ ni ọ̀nà tó gún jù."

"Á gba iwájú mi kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ní òró. Tí kò ní í kí mi."

Ẹnjiníà rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín, ó pa ẹnu dé.

"Ṣé o rò pé mo ń ṣeré?" ni Alága bi í. "Akọ̀wé mi ń dọ̀bálẹ̀. Awakọ̀ mi ń dọ̀bálẹ̀. Ìwọ pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà, o dọ̀bálẹ̀ kí o tó wọlé síbí. Ta wá ni omi? Ọmọ ta ni? Tó bá dé iwájú ilẹ̀kùn mi, kó lọ sílẹ̀, kó na gbalaja, kí n tó ní kó dìde."

"Ọ̀rọ̀ àgbà," ni Lateef wí.

"Kó sì fa ikùn mọ́ra níbẹ̀. N kò fẹ́ páìpù tó sanra níwájú mi. Ẹni tó bá dúró níwájú ọ̀gá kì í yọ ikùn síta."

Olúwagbénga gbìyànjú, ẹ jẹ́ ká jẹ́rìí sí i. Ó ní, "Sà, omi yìí dà bí alábàárù. Ooru ni ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí alábàárù kúnlẹ̀ kó sì dìde ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, tí ẹ tún ní kó gba àárín ògiri tó fún, agbára á tán lára rẹ̀ lọ́nà. Kò ní í lè yára mọ́. Ìwọ̀nba ooru ló máa gbé dé, ẹ̀rọ kò sì ní í yó. Pọ́ǹpù tí wọ́n fún wa kéré. Ọ̀nà tààrà ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún."

"Alábàárù tí kò mọ èèyàn kí," ni Alága dáhùn, "ṣé a lè gbẹ́rù lé e lórí?"

"Ọ̀rọ̀ bùṣe," ni Lateef wí.

Alága wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ilé òtútù mìíràn ń bọ̀ ní Olúpọ̀nnà, wọn yóò sì nílò ẹnjiníà tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Olúwagbénga wo àwòrán rẹ̀, ó wo Alága, ó sì mú pẹ́ńsù jáde. Kí omi tó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, ìmọ̀ ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, a lè dárí jì í. Ẹni tó mọ̀, tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ohun tó mọ̀ pé kò dára, kí ni ká pè é?

Wọ́n to páìpù. Ó ti òrùlé sọ̀kalẹ̀, ó tọ ara ògiri bọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ilẹ̀kùn Alága, ó já lọ sílẹ̀, ó tẹ́ sórí kọnkéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, ó sì tún gòkè padà. Wọ́n kun ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà ní ọ̀dà àwọ̀ wúrà. Láràárọ̀ ni Alága ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, táá na ọwọ́ sí páìpù náà, táá ní, "O káre. Dìde."

Àrùn ìgbéraga, bí ìgbóná ni, a máa ràn. Kò pẹ́ tí Igbákejì Alága yọ́ lọ bá ẹnjiníà. Ó ní òun kò fẹ́ èyí tó gùn bíi ti Alága, àmọ́ kí omi má kàn fojú di òun. Akápò gbọ́, òun náà wá. Lateef wá. Àwọn tí ilẹ̀kùn wọn kò tilẹ̀ sí lójú ọ̀nà ní kí wọ́n darí páìpù yà sọ́dọ̀ àwọn. Awakọ̀ Alága, tí kò ní ọ́fíìsì, ní kó máa kí àga tí òun ń jókòó sí lábẹ́ igi. Nígbà tó kan páìpù tí ń dá omi tó ti tutù padà sórí òrùlé, wọ́n jíròrò gan-an. Wọ́n pinnu pé èyí tí ń sọ̀kalẹ̀ ni ọkùnrin, èyí tí ń padà sókè ni obìnrin, nítorí náà kí ó máa kúnlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àgbàlagbà tó ní ọmọ-ọmọ nílé ló jókòó ṣe ìpinnu yẹn, wọ́n sì fi àdúrà parí rẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ju gbogbo wọn lọ kò sí nínú ìgbìmọ̀. Ìyá Zakiyyah ni, olórí àwọn obìnrin tí ń ta tòmátì. Àwọn àgbẹ̀ Kuta ń fi tòmátì ránṣẹ́ sí i láìgba nǹkan kan sílẹ̀, nítorí pé bó bá ti sọ, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ní ọdún yìí, ó ti ṣèlérí fún wọn pé ilé òtútù yóò tọ́jú ọjà wọn títí ọjà yóò fi wọ́n. Gbogbo oko wọn pátá ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Bí tòmátì yẹn bá bàjẹ́, orúkọ obìnrin náà bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ibi tí a ti ń ra òmíràn.

Ó wọ inú yàrá náà kí wọ́n tó kó ọjà sí i. Ó dúró sí àárín. Ó gbọ́wọ́ sókè. Ó lọ bá Alága, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Baba Òtútù, yàrá yìí kò tutù o."

"Ìyá Zakiyyah, òtútù náà ń bọ̀."

"Ibo ló dé dúró?"

"Ó ń kí àwọn èèyàn lọ́nà ni," ni Alága wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí n dúró dìgbà tó bá kí wọn tán. Kí n má tíì kó ọjà wọlé."

Alága fajú ro. Ọjọ́ ìṣílé ti dé tán. Alhaja Khàdíjàh, ẹni tí ń bójú tó iṣẹ́ náà láti Òṣogbo, ń bọ̀ wá wò ó. Ṣé inú yàrá òfìfo ni wọ́n máa mú un wọ̀? Ó ní ẹni tí kò bá kó tòmátì rẹ̀ wọlé báyìí, kó má fọkàn sí àyè kankan títí ọdún fi máa parí. Ìyá Zakiyyah wo ojú àwọn obìnrin yòókù. Màmá Àdúrà, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyá Zakiyyah, ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ ti ènìyàn mọ́ta, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i." Wọ́n kó o wọlé. Apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, títí ó fi kan òkè àjà.

Ìṣílé ìbá wáyé lọ́jọ́ kejì, àmọ́ kóòtù Alága kò tíì dé.

Kóòtù wo? Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Alága ti pàṣẹ pé nítorí òtútù líle tí ń bẹ nínú ilé náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìwọ kóòtù tó nípọn, kí ìgbìmọ̀ má baà ru ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn sì ń yan gbogbo ìlú bí àgbàdo. Àwọn tí kò ní kóòtù ya súwẹ́tà ọmọ ilé ìwé. Akápò wọ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Alága ní kí wọ́n rán tirẹ̀ nípọn, pẹ̀lú irun lọ́rùn bíi ti àgbò, télọ̀ sì ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rán rí. Títí tó fi rán an tán, ìṣílé dúró. Tòmátì náà dúró. Nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Ọjọ́ náà pé. Alhaja Khàdíjàh dé, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n fi kóòtù lọ̀ ọ́, ó ní èyí tí òun wọ̀ tó. Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lórí òrùlé, fììì, èéfín funfun sì ń yọ. Omi ni, kò yára kúrò lábẹ́ oòrùn mọ́, ó ń hó nínú àwọn pátákó dúdú.

"Kí ni ìyẹn?" ni Alhaja bèèrè.

"Omi ń yin Baba Òtútù ni, Mà," ni Lateef dáhùn.

Alhaja wo ẹnjiníà. Ẹnjiníà wo bàtà ara rẹ̀.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo wọn wọlé, wọ́n sì tì í padà nítorí Alága ní kí òtútù má ṣe jáde. Ooru kan tó ń rùn díẹ̀ kí wọn káàbọ̀. Lateef ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Igbákejì rí i, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ní, "Ha, èyí le." Eyín Akápò bẹ̀rẹ̀ sí í pa kẹ́kẹ́ nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Láìpẹ́, gbogbo ìgbìmọ̀ ń gbọ̀n rìrì, òógùn sì ń kán láti àgbọ̀n wọn sílẹ̀.

Alága wú ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì, àti ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ṣe pàtàkì ṣùgbọ́n tí ẹ wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Kí n tó dé, níbo ni òtútù ń gbé? Inú ọyẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá kí wa, bí ọmọ tó ń gbé Èkó. Mo ránṣẹ́ sí i. Mo ní, òtútù, Peter Fọládé ló ń pè ọ́, wá gbé lọ́dọ̀ wa. Ṣé ó kọ̀? Ẹ fọwọ́ kan ara yín. Ẹ wò ó bí ẹ ṣe ń gbọ̀n. Àwọn baba wa kú, wọn kò gbọ̀n báyìí rí."

Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá Zakiyyah kò pàtẹ́wọ́. Apẹ̀rẹ̀ ló ń wò. Omi pupa kan ń ti abẹ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rọra jáde, ó ń tọ ilẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ bàtà Alága.

Àṣà wa ni pé a kì í jáde nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Alága mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ ìtàn ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó sọ ohun tí olùkọ́ rẹ̀ rí níwájú orí rẹ̀. Ó dé ibi tó ti ń to àga ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Akápò wó lulẹ̀ bí àpò gàrí.

"Ẹ rí i?" ni Alága wí. "Mo sọ fún yín. Òtútù ti mú un. Ẹ gbé iná wá kíákíá."

Wọ́n gbé àdògán wá, eléèédú tó ń pọ́n fòò, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Akápò láti fi yá a. Òyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Igbákejì tó dúró tì í, òun náà jókòó sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un lága. Alága ní kí wọ́n gbé iná kejì wá. Lateef ń gbọ̀n síbẹ̀, àmọ́ gbígbọ̀n tòótọ́ ni báyìí, gbígbọ̀n ẹni tí ibà kọ lù.

"Baba Òtútù," ni Ìyá Zakiyyah wí jẹ́jẹ́, "ara mi kò gbọ̀n. Òógùn ni mò ń là. Tòmátì náà ń là á."

"Ìyá Zakiyyah, ọ̀wọ̀ àlejò."

"Mò ń bọ̀wọ̀ fún àlejò ni mo ṣe sọ ọ́." Ó ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ ọn, ó sì yọ ọ́ jáde. Ohun tó yọ kò ṣeé pè ní tòmátì mọ́. "Oko Kuta rèé, Alhaja. Ẹnu mi ni mo fi gbà á."

Alága gbé ọwọ́ sókè láti dá a lóhùn. Ó la ẹnu. Ó ní, "Òtútù yìí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ yí, irun àgbò ọrùn rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ délẹ̀ sínú omi tòmátì. Ẹni tí ọyẹ́ ń sá fún, ooru ló gbé e ṣánlẹ̀.

Wọ́n gbé e jáde. Wọ́n ní kí wọ́n wá omi tútù. Gbogbo ènìyàn wo ilé òtútù, ojú sì tì wọ́n. Ìsọ̀ Ìyá Zakiyyah ni wọ́n ti rí i, nínú amù tó gbé sábẹ́ igi láti ọjọ́ tó ti ń tajà. Wọ́n bù ú dà sí Alága lórí, ó gbọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òtútù máa kan ẹnikẹ́ni lára lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Alhaja Khàdíjàh kò bínú, tàbí bó bá bínú, kò hàn. Ó kàn ní kí ẹnjiníà máa tẹ̀lé òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ páìpù náà láti abẹ́ òrùlé.

"Ẹnjiníà, kí ni páìpù yìí ń ṣe nílẹ̀ níbí?"

"Ó ń dọ̀bálẹ̀, Mà."

"Fún ta ni?"

"Fún Alága."

"Kí ló dé tó tẹ́ẹ́rẹ́?"

"Ó fa ikùn mọ́ra, Mà."

Ó rìn síwájú. "Èyí ńkọ́?"

"Ti Igbákejì."

"Èyí?"

"Akápò. Èyí tó kàn án ni ti akọ̀wé."

"Kí ló wá ń wá lábẹ́ igi?"

"Awakọ̀ ló ń kí níbẹ̀, Mà. Ó kàn tẹríba ni, kò dọ̀bálẹ̀ tán."

Alhaja dúró. Ó wo ọ̀nà tí omi náà rìn, ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tó wà nítòsí tẹ́lẹ̀, ibi tí omi ìbá dé ní ìṣísẹ̀ mélòó kan. "Ìwọ mọ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́."

"Mo mọ̀, Mà. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan."

"Ìgbà tí wọn kò gbọ́, kí lo ṣe?"

Olúwagbénga ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú pẹ́ńsù rẹ̀ jáde, ó sì tún dá a padà. Kì í ṣe òun nìkan ló yẹ kí ìbéèrè yẹn bá wí nílùú yìí.

Alẹ́ ọjọ́ náà kò tíì lẹ́ tí ìlú fi yan ìgbìmọ̀ tuntun, wọ́n sì ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Peter Fọládé. Lateef ni wọ́n rán lọ gbà á. Ó dé ibẹ̀, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Fọládé, ẹ mú un wá." Ẹ ò rí ayé.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò dá tòmátì padà. Àwọn obìnrin ṣa ìwọ̀nba tó kù, wọ́n là á, wọ́n sá a sórí òrùlé, ibi tí ooru wà lọ́pọ̀ yanturu. Ìyá Zakiyyah lọ sí Kuta láti sọ òtítọ́ fún àwọn àgbẹ̀. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Bàbá Ṣàfíù, tó dàgbà jù nínú wọn, ní, "Ìyá, ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi, a mọ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè fi oko wa lé ilé yẹn lọ́wọ́ mọ́ láì rí ojú ẹni tó ba èyí jẹ́. Kó wá bẹ̀ wá. Kó má ṣe ránni."

Ìgbìmọ̀ tuntun gbọ́, wọ́n sì fi dandan lé e. Peter Fọládé yóò lọ sí Kuta, yóò bẹ gbogbo ilé tí tòmátì ti wá. Olúwagbénga yóò tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá kọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí ni a ó ti ka ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú orúkọ wọn.

Wọ́n lọ. Ìyá Zakiyyah ló ṣáájú.

Ní ilé àkọ́kọ́, Peter Fọládé ṣì ní agbára. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì fi ohùn ńlá sọ pé, "Ẹ̀yin baba wa, èmi Peter Àkànbí Fọládé, Alága nígbà kan rí, Baba Òtútù, mo wá tọrọ àforíjì lórí àìṣedéédéé ìmọ̀ ẹ̀rọ." Wọ́n ní kó dìde. Ní ilé kejì, Baba Òtútù kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n dé àárín abúlé, orúkọ Àkànbí náà ti bọ́ sọ́nà, ó kàn ń ní, "Ẹ̀yin baba wa, èmi Peter, ẹ jọ̀wọ́." Ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń dìde, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ òógùn àyà rẹ̀. Níbì kan, ẹnu ọ̀nà fún débi pé ó ní láti fa ikùn mọ́ra kó tó lè gbà á kọjá. Olúwagbénga, tí òun náà ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wò ó.

"Sà," ló wí láàárín mímí, "ohun tí mo wí nígbà yẹn nìyí."

Kò sí èémí kankan nínú ọkùnrin náà tó máa fi sọ̀rọ̀, ó ń wọ́ lọ sí ilé tó kàn.

Ilé Bàbá Ṣàfíù ló kẹ́yìn, ní ìparí abúlé. Bàbá jókòó síta, ó ti ń retí wọn láti àárọ̀. Òun gan-an ni wọ́n wá bẹ̀. Peter Fọládé rìn dé iwájú rẹ̀ bí omi tí ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ tó gbẹ. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó la ẹnu. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jáde níbẹ̀.

Bàbá Ṣàfíù na etí. Ó dúró. Ó kọjú sí Ìyá Zakiyyah. "Kí ló wí?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni, Bàbá. Ó pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí a ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló gbà á tán."

Bàbá wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀ náà títí. "Ẹ fún un lómi," ló wí. "Kó mu ún kó tó dìde. Ìyá, tòmátì tuntun ti ń pọ́n lóko, ẹ wá kó o lọ́la."

Wọ́n ti gé gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ kúrò lára páìpù náà báyìí. Ibì kan ṣoṣo ló ṣì ti tẹ̀, níbi tó ti wọ inú ẹ̀rọ, nítorí iṣẹ́ ló ní kó tẹ̀ níbẹ̀. Ilé náà tutù débi pé àwọn obìnrin ń mú ìborùn dání tí wọ́n bá fẹ́ wọlé, kò sì sí ẹni tó pa á láṣẹ fún wọn. Ọ́fíìsì Alága ni wọ́n ń kó àwọn apẹ̀rẹ̀ òfìfo sí. Peter Fọládé máa ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà mìíràn tó bá ń lọ sọ́jà. Á dúró díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, á gbọ́ ìró omi nínú páìpù lókè orí rẹ̀, tó ru ẹrù rẹ̀, tó ń yára lọ síbi iṣẹ́, tí kò sì kí i.